Nígbà tí Àìsàn Òtòṣì bá Di Àìsàn Ìjọba

Ìtàn méjì wà nínú Ìwé Ìhìnrere tí àwa a máa kà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìwòsàn, ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò wọ́n, ọ̀rọ̀ owó wà nínú wọn pẹ̀lú. Èkíní ni ti obìnrin nì tí ó ṣàìsàn fún ọdún méjìlá, tí ó ti ná gbogbo ohun tí ó ní sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, tí kò sì sàn. Èkejì ni ti ará Samáríà tí ó gbé ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe lọ sí ilé èrò. Kò fi mọ sí pé ó di ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó san owó fún onílé èrò, ó sì ṣe ìlérí pé bí owó náà kò bá tó, òun yóò san ìyókù nígbà tí òun bá padà dé. Nínú ìtàn kìn-ín-ní, aláìsàn dá ẹrù owó gbé, ó sì di òtòṣì. Nínú ìtàn kejì, ẹlòmíràn bá aláìsàn gbé e, ó sì rí ìtọ́jú.

Láti ìgbà láéláé, ọ̀nà obìnrin yẹn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọba ayé fi sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọn. Ẹni tí ó bá ṣàìsàn, kí ó wá owó. Bí kò bá rí owó, kí ó wá ẹbí. Bí kò bá ní ẹbí, kí ó wá ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì, tàbí kí ó dákẹ́ kí ó sì kú. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1883 títí di òní, ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ti ń kúrò ní ọ̀nà yẹn lọ sí ọ̀nà ará Samáríà; wọ́n ń ṣe òfin pé kí àwọn tí ara wọn le máa bá àwọn aláìsàn gbé ẹrù. Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí ni pé, kí ni ó ń ti ìjọba dé ibẹ̀? Ṣé àánú ni?

Àwọn àgbà wa ti dáhùn kí àwa tó béèrè. Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Ìjọba a máa sùn nígbà tí òtòṣì bá ń ṣàìsàn nínú yàrá tirẹ̀. Ọjọ́ tí ariwo àìsàn náà bá wọ ààfin ni ìjọba ń jí. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ, kí a tó padà wá sí ilé.

ÌBẸ̀RÙ NÍ JÁMÁNÌ

Ilẹ̀ Jámánì di ìjọba kan ṣoṣo ní ọdún 1871, Ọ̀gbẹ́ni Otto von Bismarck sì ni olórí ìjọba lábẹ́ Ọba Wilhelm Kìn-ín-ní. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ sí ìlú ńláńlá láti ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹ̀rọ àti ní ibi ìwakùsà. Ní oko, bí ọkùnrin kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹbí a máa bá a ro oko rẹ̀. Ní ìlú, ọjọ́ tí kò bá lè jáde lọ síbi iṣẹ́ ni owó rẹ̀ dúró, ebi a sì dé bá aya àti ọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn Sóṣálíìsì, àwọn tí ń wàásù pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe retí ire kankan lọ́wọ́ ìjọba ọba àti ti ọlọ́rọ̀.

Ní ọdún 1878, ẹ̀ẹ̀mejì ni a yìnbọn sí Ọba Wilhelm láàárín oṣù kan. Bismarck di èyí mú, ó sì ṣe òfin láti fọ́ ẹgbẹ́ Sóṣálíìsì: a ti àwọn ìwé ìròyìn wọn pa, a fi òfin de ìpàdé wọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n ènìyàn, ó sì mọ̀ pé pàṣán nìkan kò lè mú ọmọ fẹ́ràn baba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1881, a ka iṣẹ́ tí Ọba rán sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Kókó rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìfìyàjẹni nìkan ni a ó fi wo ọgbẹ́ àwùjọ sàn, bí kò ṣe pé kí a ṣe ohun rere fún àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú.

Òfin náà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1883. Ètò rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Òṣìṣẹ́ yóò máa dá owó díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì máa fi kún un. Bí òṣìṣẹ́ bá dá ìpín méjì, ọ̀gá a dá ìpín kan. Inú àpótí kan ni owó náà ń bọ́ sí. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, àpótí ni yóò san owó dókítà àti owó oògùn, yóò sì máa fún un ní ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Èyí ni ohun tí a ń pè lónìí ní adójútòfò ìlera.

Ẹ sì kíyè sí i pé kì í ṣe Bismarck ni ó kọ́kọ́ ronú kan irú àpótí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn awakùsà ilẹ̀ Jámánì ti ń dá owó àìsàn láàárín ara wọn tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí i. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó sọ àṣà wọn di òfin. Ó sì fi àwọn tí ó ń dá owó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ àpótí náà: nítorí tí òṣìṣẹ́ ń san ìpín méjì nínú mẹ́ta, ìjókòó méjì nínú mẹ́ta jẹ́ tiwọn.

Ǹjẹ́ Bismarck rí ohun tí ó ń wá? Rárá. Ní ìdìbò ọdún 1890, ìbò tí ẹgbẹ́ Sóṣálíìsì ní pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ mìíràn gbogbo lọ, ní ọdún náà gan-an ni òun pẹ̀lú sì kúrò lórí oyè. Síbẹ̀ àpótí àìsàn kò bá a lọ. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ìbẹ̀rù ni ó gbin igi náà, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ni ó ń jẹ èso rẹ̀.

OGUN NÍ BÍRÍTÉÈNÌ

Àwọn ará Bírítéènì wo ohun tí Jámánì ṣe fún ọdún púpọ̀, wọn kò sì mira. Ogun ni ó mì wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfríkà láti 1899 sí 1902, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin jáde láti wọṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, púpọ̀ nínú wọn ni a dá padà, pàápàá jùlọ àwọn tí ó ti ìlú oníṣẹ́ ẹ̀rọ bíi Manchester wá. Eyín wọn ti jẹrà, àyà wọn tín-ín-rín, ara wọn kò gba ìrìn jíjìn. Ìjọba tí ó ń ṣàkóso nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ayé wá rí i pé ó ṣòro fún òun láti rí ọmọ ogun tí ara rẹ̀ pé nínú ilé òun. A yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó sì mú àbọ̀ wá ní 1904. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin oúnjẹ ilé-ìwé jáde ní 1906, àti òfin pé kí dókítà máa yẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò ní 1907.

Ní 1908, Ọ̀gbẹ́ni David Lloyd George, tí ó ń mójú tó àpò owó ìjọba, lọ sí Jámánì láti fi ojú ara rẹ̀ rí ètò Bismarck. Ní 1911 ó mú òfin tirẹ̀ kọjá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkùnrin òṣìṣẹ́ yóò san kọ́bọ̀ mẹ́rin owó àtijọ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò san tọ́rọ́, ìjọba yóò sì fi kọ́bọ̀ méjì kún un. Èyí ni ó fi jẹ́ pé a ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni ó ń rí fún mẹ́rin. Bí àìsàn bá dé, dókítà wà fún un, ṣílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀ sì wà fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo tí ó wà nínú òfin náà: ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ ni ó bò. Aya rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀ àfi ní ọjọ́ ìbímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ìyá a máa fi àìsàn tirẹ̀ pamọ́, kí owó dókítà lè wà fún ọmọ. Ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé yìí kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún yín.

Ogun mìíràn ni ó dí àlàfo náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ìjọba mọ̀ pé bọ́ǹbù yóò máa já lu àwọn ìlú. Nítorí náà ó kó àwọn ilé ìwòsàn sábẹ́ ètò kan, ó sì ń san owó fún wọn láti inú àpò ìjọba, kí ibùsùn lè wà fún àwọn tí yóò fara pa. Bọ́ǹbù kò mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé tálákà, ilé ìwòsàn pẹ̀lú sì kọ́ láti má ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, Sir William Beveridge gbé ìwé ìmọ̀ràn rẹ̀ jáde lórí bí a ó ti mú àìní àti àìsàn kúrò lọ́rùn ará ìlú, àwọn ènìyàn sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti rà á. Àwọn tí a ní kí wọ́n ṣe tán láti kú fún ìlú wọn ń béèrè ohun tí ìlú náà yóò ṣe kí wọ́n lè yè nígbà àlàáfíà.

Ní 1945 wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ìlera sì bọ́ sí ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Aneurin Bevan. Ọmọ awakùsà ni, láti ìlú Tredegar ní Wales, òun fúnra rẹ̀ sì ti wọ inú kòtò èédú nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ní Tredegar, àwọn awakùsà ti dá ẹgbẹ́ ìwòsàn sílẹ̀. Wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn, ẹgbẹ́ sì gba dókítà fún wọn àti fún ìdílé wọn. Ohun tí Bevan rí ní ilé ni ó nà dé gbogbo ilẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ilé ìwòsàn di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní Bírítéènì, owó-orí ni a sì fi ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìnáwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń jẹun lábẹ́ ètò náà lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé wàhálà tán níbẹ̀. Owó tí a ná ju èyí tí a fojú dá lọ, nígbà tí ó sì di 1951, ìjọba ní kí aláìsàn máa san nínú owó eyín àtọwọ́dá àti owó awò ojú. Bevan fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí èyí. Ọ̀rọ̀ owó ìwòsàn dà bí òrùlé koríko: bí ó ti wù kí a bò ó dáadáa tó, a ó tún gun orí rẹ̀ ní ọdún mìíràn.

ÌTÌJÚ ÀTI ÌBÒ NÍ GÁNÀ

Ẹnì kan lè wí pé, “Òyìnbó ni wọ́n, wọ́n lówó.” Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wá sí ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín, sí Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀ baba àti ìyá wa ti ṣòwò kí a tó lé wọn padà wá sílé ní 1969.

Lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira ní 1957, ìjọba gbìyànjú láti máa fi owó-orí tọ́jú àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà ti dojú dé. Ilé ìwòsàn wà, ṣùgbọ́n oògùn kò sí lórí àtẹ. Ìjọba Jerry Rawlings lọ yá owó lókè òkun, àwọn tí ó yá a lówó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí aláìsàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nínú ẹrù ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1985, a gbé owó ilé ìwòsàn ga. Kò pẹ́ tí ó fi di àṣà pé kí ènìyàn san owó lọ́wọ́ kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kíyè sí i pé àtúnṣe ni èyí pẹ̀lú. Àpò òfìfo náà a máa ti ìjọba láti tún ètò ṣe, ṣùgbọ́n ó lè tì í sí ẹ̀yìn.

Òtítọ́ ni pé oògùn padà sórí àtẹ ní ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn dínkù níwájú dókítà. Òmíràn jókòó sílé títí àìsàn fi wọ̀ ọ́ lára. Òmíràn rí ìwòsàn gbà, kò rí owó san, a sì dá a dúró nínú ọgbà ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, bí ìwọ̀fà. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹkùn wa.

Nígbà tí ìjọba kò tíì rí ọ̀nà, Ìjọ Kátólíìkì rí ọ̀kan. Ní 1992, ilé ìwòsàn St Theresa tí ó jẹ́ ti Ìjọ náà ní ìlú Nkoranza bẹ̀rẹ̀ ètò kan: ìdílé kọ̀ọ̀kan a san owó díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹnì kan nínú wọn bá sì ṣàìsàn tí a fi dá a dúró sí ilé ìwòsàn, wọn kò ní béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀, wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Àwọn ìlú mìíràn wò wọ́n, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìdìbò ọdún 2000 dé, ẹgbẹ́ John Kufuor ṣèlérí pé bí àwọn bá wọlé, àwọn yóò mú àṣà ìsanwó-kí-a-tó-tọ́jú-ẹni kúrò. Wọ́n wọlé, a sì ṣe òfin adójútòfò ìlera ní 2003. Owó rẹ̀ ń ti ọ̀nà púpọ̀ wá. Àwọn ará ìlú a máa san owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún. A fi ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé orí ọjà tí a ń rà. A sì ń yọ ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ láti inú ohun tí a ń dá fún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́. Láti 2008, aláboyún kì í san owó ìforúkọsílẹ̀. Ìṣòro kò tán: ìjọba a máa pẹ́ kí ó tó san gbèsè àwọn ilé ìwòsàn, àwọn ilé ìwòsàn a sì máa rán aláìsàn lọ ra oògùn níta. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjèèjì tí ó ń du ìjọba Gánà ti ṣàkóso láti ìgbà náà, kò sì sí èyí tí ó fa ètò náà tu. A tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2012 lábẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òun ni ó dá a sílẹ̀.

OHUN TÍ ÌLẸ̀ MẸ́TẸ̀Ẹ̀TA KỌ́ WA

Bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a rí i pé àánú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àánú nìkan kọ́ ni ó gbé ìjọba dìde. Bismarck bẹ̀rù ọ̀tẹ̀; àwọn aláṣẹ Bírítéènì bẹ̀rù pé kí ọmọ ogun má wọ́n; àwọn òṣèlú Gánà ń wá ìbò. Ní ọjọ́ kan, àìsàn òtòṣì di àìsàn ìjọba.

A sì rí ohun kejì, tí ó dùn mọ́ wa nínú jù. Kò sí ìjọba kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi òfìfo. Ní Jámánì, àpótí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ṣáájú. Ní Wales, ẹgbẹ́ àwọn awakùsà. Ní Gánà, ilé ìwòsàn ìjọ. Àwọn ènìyàn kékeré ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, kí àwọn ènìyàn ńlá tó sọ ọ́ di òfin. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìjọba sì ni ọwọ́ tí ó máa ń dé kẹ́yìn.

NÍ ILÉ TIWA

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọ ni ó ṣáájú níhìn-ín pẹ̀lú: láti 1895 ni Ìjọ Kátólíìkì ti dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn ọdún 1950, ìjọba rẹ̀ sọ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjìdínlógún lọ di ọ̀fẹ́. Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN tún fi ìwòsàn ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní òpin ọdún 1983. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní 1986, ẹrù sì padà sórí aláìsàn: owó káàdì, owó ibùsùn, owó abẹ́rẹ́, owó ìbọ̀wọ́ dókítà.

Láti ìgbà náà, òfin ti ń gun orí òfin. A ṣe òfin adójútòfò ìlera ní 1999, kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìdílé wọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfríkà pé jọ ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tàbí owó yòówù tí ìjọba bá fẹ́ ná, àwọn yóò ya mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ fún ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òfin ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, òfin titun sọ adójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a fi ọwọ́ sí i, àwọn tí ó ní in kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ìpínlẹ̀ ti dá tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú, bíi èyí tí Èkó ń pè ní Ìlera Èkó. Síbẹ̀, nínú náírà mẹ́wàá tí a ń ná lórí ìlera ní ilẹ̀ wa, nǹkan bí méje ni ó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ọ̀nà obìnrin tí ó ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ ni a ṣì ń tọ̀.

Kí ló dé tí òfin pọ̀ tí ìtùnú kò tó? Ìdí kan ni pé hẹ̀rẹ̀hùrù náà kò tíì dé etí àwọn tí ó lè tún un ṣe. Ẹni ńlá tí ara rẹ̀ kò bá yá a máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òkèèrè. Àwa tí a wà nílé a sì máa san owó wa ní ìdákẹ́jẹ́. A ó ta ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀. A ó yá owó èlé ní kọ̀rọ̀. A ó mú ọmọbìnrin kúrò ní ilé-ìwé, a ó sì sọ fún olùkọ́ pé ó lọ kí ìyá àgbà. Bí a bá gbé igbá owó yí ká nínú ìjọ fún arákùnrin kan tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ohun rere ni a ṣe, Ọlọ́run yóò sì san án. Ṣùgbọ́n bí igbá náà ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́dọọdún, tí a kò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, tí a kò sì fi han ẹnikẹ́ni tí ń ṣàkóso, àánú wa pàápàá ń bo ariwo tí ó yẹ kí ìjọba gbọ́.

Nítorí náà, ohun méjì ni àwa rọ àwọn ìdílé àti àwọn ìjọ láti ṣe. Èkíní, kí a ṣe bí àwọn ará Nkoranza. Gbogbo ìjọ ni ó ní ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ baba àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, tí ń dá owó aṣọ àjọ̀dún láì ráhùn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán ẹni méjì lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n béèrè iye tí a ń san lọ́dún, àwọn àìsàn tí ó bò àti ilé ìwòsàn tí ó gbà á. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì gba owó ti opó kan tàbí méjì rò. Èkejì, kí akọ̀wé ìjọ ṣí ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀ fún owó àìsàn: iye tí ìjọ fi ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ ní ọdún kan, iye ìdílé tí ó jẹ gbèsè nítorí oògùn, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn tí ń tọrọ ìbò bá wá kí wa nínú ìjọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí a ka iye náà sí wọn létí, kí a sì béèrè ohun tí wọn yóò ṣe.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: “Owó tí a bá dá, ta ni yóò kó o jẹ?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí Jámánì ṣe ní 1883: ẹni tí ó bá dá owó, kí ó ní ìjókòó níbi tí a ti ń ṣọ́ ọ. Kí a máa béèrè fún ìṣirò, kí a máa béèrè ìdí tí ilé ìwòsàn kan fi dá ẹni tí ó ti san owó padà, kí a má sì jẹ́ kí ìtìjú pa wá lẹ́nu mọ́. Àpótí tí gbogbo ènìyàn ń wò ṣòro láti jí.

Òfin kì í fúnra rẹ̀ ra oògùn. Àwọn awakùsà Tredegar kò dúró de Bevan. Àwọn ni ó tọ́ ọ dàgbà. Bí àwa pẹ̀lú bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdílé àti inú ìjọ wa, tí a kò sì dákẹ́, ó dá wa lójú pé ọmọ kan tí ń jókòó ní ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi lónìí yóò dàgbà di ẹni tí yóò sọ àṣà wa di ètò gbogbo ìlú.